Atẹ Ẹ̀wà Lórí Ọ̀pá Ẹnu-Bodè: Ìtàn Ìgbésí Ayé Màmá Rẹ̀bẹ́kà Àṣìkẹ́ Akínladé (1938–2020)

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà ọdún 1938 ni a bí Màmá wa, Rẹ̀bẹ́kà Àṣìkẹ́, ní agboolé Ọ̀ṣunníyì ní Ajílété, ní ilẹ̀ Yewa. Bàbá wọn ni Jósẹ́fù Ọ̀ṣunníyì, àgbẹ̀ olóbì àti ọlọ́pẹ, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ fi èjìká ru igi tí a fi kọ́ ilé ìjọsìn Áńgílíkà ní ìlú náà. Ìyá wọn ni Ọ̀ṣúnkẹ́mi, ọmọ bíbí Ìdógò, tó máa ń ta gààrì fún àwọn tó ń wọ reluwé níbẹ̀. Ọmọ mẹ́fà ni àwọn méjèèjì bí. Màmá ni ìkẹta, àwọn nìkan sì ni ẹnu wọn kì í gbófo fún ìbéèrè. Bàbá wa àgbà a máa sọ pé bí a bá gbé ọbẹ̀ síwájú àwọn ọmọ yòókù, wọn a jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n Àṣìkẹ́ gbọ́dọ̀ mọ ẹran tó wà nínú rẹ̀, ẹni tó pa á, àti ohun tí ẹran náà ṣe tí wọ́n fi pa á.

Ìbéèrè tó le jù nínú wọn dá lórí ìyá bàbá wọn, tí ojú rẹ̀ méjèèjì ti fọ́ kí a tó bí Màmá. Gbogbo ilé ń pe méjèèjì ní ojú fífọ́, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Màmá, ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, rí i pé àwọn ojú náà kò jọra. Ojú ọ̀tún funfun níwájú gbáà, bí ìgbà tí ènìyàn da ẹ̀kọ lé e lórí. Ti òsì mọ́ níwájú, inú ọmọlójú lọ́hùn-ún ni funfun tirẹ̀ wà. Ní ọdún Iléyá kan, aládùúgbò wa tó jẹ́ Mùsùlùmí fún ilé ní orí àgbò. Màmá yọ ojú kan pamọ́ kí wọ́n tó gbé orí náà kaná, wọ́n fi abẹ là á, wọ́n sì bá ohun kan nínú rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ tó mọ́ gaara. Nígbà tí ojú kejì jinná nínú ìkòkò, wọ́n là á náà: ìlẹ̀kẹ̀ tirẹ̀ ti le, ó ti funfun bí ẹfun. Màmá kó méjèèjì sínú igbá lọ bá ìyá àgbà, wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ta ló se ojú òsì rẹ̀. Ẹgba ni ìyá wọn fi dá wọn lóhùn. Ìyá àgbà ní tirẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi ń jáde lójú tí kò ríran.

Màmá wọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ní Ajílété lọ́dún 1945, wọ́n sì jáde ìwé kẹfà ní Ìlaròó lọ́dún 1953. Wọ́n fi ọdún mẹ́ta kọ́ àwọn ọmọdé ní Ìdógò, níbi tí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ti kọ̀wé sí bàbá wọn pé ọmọbìnrin yìí ń kọ́ni dáadáa ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí àwọn ọmọ béèrè ọ̀rọ̀ jù. Lọ́dún 1957 wọ́n lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní Abẹ́òkúta, wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí lọ́dún 1961. Ní ọdún 1979, lẹ́yìn tí wọ́n ti bí gbogbo wa tán, wọ́n tún gba Kàdúná lọ fún ọdún kan láti kọ́ nípa ìtọ́jú ojú nìkan. Àwọn ará ilé bi wọ́n pé kí ni ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin tún ń wá ní Kàdúná. Wọ́n ní ìdáhùn kan ni àwọn fi sílẹ̀ síbẹ̀.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1963 ni Màmá fẹ́ bàbá wa, Olóògbé Cornelius Akínladé, tíṣà, ọmọ Ayétòrò. Kí wọ́n tó gbà, wọ́n kọ lẹ́tà sí bàbá wa, ìbéèrè mẹ́rìnlá ló wà nínú rẹ̀. Bàbá wa dáhùn mẹ́tàlá. Ìkẹrìnlá bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n máa ń ṣe bí inú bá bí wọn, bàbá wa sì kọ ọ́ pé ìyẹn, àfi kí obìnrin náà wá wò ó fúnra rẹ̀. Wọ́n fi ọdún mẹ́rìnlélógójì wò ó, títí bàbá wa fi sùn nínú Olúwa lọ́dún 2007.

Lẹ́yìn ogún ọdún ní oríṣiríṣi ilé ìwòsàn, Màmá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1981 ní Ilé Ìwòsàn Ojú Ìmọ́lẹ̀ tí ìjọ dá sílẹ̀ ní Ayétòrò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pàdé Dókítà Bánjí, tó ń ti yunifásítì wá lẹ́ẹ̀mejì lóṣù láti ṣe iṣẹ́ abẹ ojú. Kí ẹ̀yin tí ẹ kò mọ iṣẹ́ náà lè bá wa lọ, a ó ṣàlàyé rẹ̀ bí Màmá ti ń ṣàlàyé rẹ̀ fún wa nídìí oúnjẹ, tí oúnjẹ á sì sú wa. Ojú ènìyàn ní fèrèsé níwájú, awọ kan tó mọ́ kedere. Lẹ́yìn fèrèsé yìí, nínú ọmọlójú, ni ìlẹ̀kẹ̀ kékeré kan wà tó ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ. Bí ọjọ́ orí bá dé, ìlẹ̀kẹ̀ náà lè di funfun, òun ni wọ́n ń pè ní kàtáráàtì. Dókítà á la etí fèrèsé, á yọ ìlẹ̀kẹ̀ tó bàjẹ́ náà, á fi òwú rán etí náà padà, wọn á sì fún aláìsàn ní awò tó nípọn láti máa fi wòran. Ṣùgbọ́n bí fèrèsé fúnra rẹ̀ bá di funfun lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, òfo ni gbogbo làálàá náà já sí.

Ohun tí Dókítà Bánjí fẹ́ mọ̀ ni irú òwú tó yẹ kí a máa fi rán ojú. Òwú ṣẹ́dà ni wọ́n ti ń lò tipẹ́. Òwú náílọ̀n, tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun orí lọ, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ni, owó rẹ̀ sì ga. Láti ọdún 1983, aláìsàn igba àti mẹ́wàá ló gbà láti wọ inú ìwádìí náà. Àpòòwé tí a ti lẹ̀ pa ló ń sọ irú òwú tí yóò kan oníkálukú, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ojú rere mú èyí tó wù ú fún ènìyàn rẹ̀. Iṣẹ́ Màmá ni láti tọ àwọn aláìsàn lọ sílé ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, oṣù kẹta àti oṣù kẹfà. Ìbéèrè mẹ́ta ló wà lórí káàdì: ṣé ojú ń ro, ṣé ó pọ́n, báwo ló ṣe ń ríran sí. Màmá fẹ́ràn iṣẹ́ yìí ju owó oṣù wọn lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé wọn tí ẹnìkan máa fún wọn ní ìwé, tí yóò sì ní kí wọ́n máa béèrè nǹkan kiri.

Ní oṣù kìíní ọdún 1984 ló kan Bàbá wa àgbà. Wọ́n ti lé ní ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, kàtáráàtì sì ti bo ojú méjèèjì. Ìdajì Ajílété ló ní kí Bàbá àgbà má gbà, pé ọmọ wọn fẹ́ fi ojú wọn kọ́ṣẹ́. Bàbá àgbà ní bí ó bá jẹ́ pé òun ni òun rán an níléèwé, kò sí ohun tó burú bí ó bá fi ojú òun jáde. Màmá fúnra wọn ló já àpòòwé. Òwú ṣẹ́dà ni. Wọ́n fi rán ojú ọ̀tún, àdéhùn sì ni pé bí ojú ọ̀tún bá dára, òwú kan náà ni wọn yóò fi rán ti òsì ní oṣù kọkànlá. Ojú òsì nìkan ló kù lẹ́yìn ìyẹn. Bí òun náà bá bàjẹ́, òkùnkùn dé nìyẹn.

Lẹ́ẹ̀mẹta ni Màmá lọ sí Ajílété pẹ̀lú káàdì, lẹ́ẹ̀mẹta ni wọ́n béèrè bí ojú náà ṣe ń ríran. Lẹ́ẹ̀mẹta ni Bàbá àgbà dáhùn pé a dúpẹ́. Màmá sì kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta pé ó dára.

Láàárín ìgbà yìí ni ìjọba ti ẹnu-bodè pa, ní oṣù kẹrin ọdún náà. Ẹ̀yin tí ẹ gbé ayé nígbà náà kò nílò àlàyé. Ẹni tó ní àna ní Kétu kò lè kí i, ẹni tó ní oko lódìkejì ń wo iṣu rẹ̀ láti òkèèrè. Méjìdínlógójì nínú àwọn aláìsàn wa ló ń gbé lódìkejì. Dókítà Bánjí ní kò burú, pé kí a lo ohun tí káàdì wọn ti ìgbẹ̀yìn sọ, nítorí gbogbo wọn ló ti sọ pé ara àwọn ń dá. Ọ̀rọ̀ náà kò tẹ́ Màmá lọ́rùn. Wọ́n ní ojú tó dára ní oṣù kẹta, kí ni yóò sọ fún ènìyàn pé ó dára ní oṣù kẹfà, bí kì í bá ṣe pé a wò ó?

Ní oṣù kẹsàn-án, Màmá gba Àfọ̀n dé Ìlárá, níbi tí ilẹ̀ Nàìjíríà ti parí. Lẹ́tà ilé ìwòsàn wà lọ́wọ́ wọn, páálí tí dókítà fi ń yẹ ojú wò sì wà lábẹ́ abíyá. Ẹ̀yin náà mọ páálí yẹn, lẹ́tà E nìkan ló kún inú rẹ̀, òmíràn dojú kọ òkè, òmíràn dojú kọ ilẹ̀, òmíràn kọ ẹ̀yìn sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá àwọn aṣọ́bodè yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn, ó béèrè iye sójà tí E kọ̀ọ̀kan dúró fún, ó sì gbẹ́sẹ̀ lé e. Ó ní ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kọjá. Màmá kò bá a jà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí bi í nípa ojú ìyá tirẹ̀, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, èwo ló kọ́kọ́ ṣú nínú méjèèjì, bóyá ó ń rí ìmọ́lẹ̀ fìtílà. Kò pẹ́ tí ọkùnrin náà fi rántí pé òfin kò sọ nǹkan kan nípa ẹni tó bá dúró sódìkejì ọ̀pá láìfi ẹsẹ̀ kọjá. Ó ní kí wọ́n padà wá ní ọjọ́ ọjà.

Ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí ló gbé ìròyìn náà kiri lódìkejì. Ní ọjọ́ ọjà, ènìyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló tò sẹ́yìn ọ̀pá náà. Ṣùgbọ́n páálí kò sí, Màmá kò sì ní ohunkóhun lọ́wọ́ ju tọ́ọ̀ṣì kan àti ẹ̀wà kóńgò méjì tí wọ́n rà ní Àfọ̀n fún ilé. Ẹ̀wà Àfọ̀n ọdún yẹn, òkúta inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹ̀wà. Màmá wò ó, wọ́n sì yá atẹ lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń ta ata. Wọ́n gbé atẹ ẹ̀wà lé orí ọ̀pá ẹnu-bodè, ọ̀gá aṣọ́bodè di etí rẹ̀ kan mú kó má baà dànù, wọ́n sì ní kí aláìsàn kọ̀ọ̀kan fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú tí a kò tíì ṣiṣẹ́ abẹ fún, kó fi èyí tí a ṣe ṣa òkúta jáde.

Mẹ̀dínátù ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú, ìyá arúgbó kan tó ń hun ẹní lábúlé kan nítòsí Kétu. Ó dára ni ó wà lórí káàdì rẹ̀ látòkè délẹ̀. Màmá bi í bí ojú ti rí, ó ní a dúpẹ́. Ó fi ọwọ́ bo ojú kan, ó na ọwọ́ kejì sínú atẹ, ó ju ẹ̀wà nù, ó sì fi òkúta sílẹ̀. Màmá tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́. Fèrèsé ojú náà ti ṣú bí gíláàsì tí ooru gbígbóná fẹ́ sí. Màmá béèrè ìdí tí kò fi sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí.

Mẹ̀dínátù ní, “Ọmọ mi, ẹ rin ọ̀nà jíjìn wá, ẹ fọwọ́ yín wẹ̀ mí lójú. Ẹni tó bu omi fún èèyàn mu lọ́nà oko, ṣé èèyàn á ní omi ẹ̀ ò tutù ni?”

Nígbà tí ìlà náà fi tán, mẹ́sàn-án ni kò lè ṣa òkúta kan. Gbogbo wọn ló ti kọ́kọ́ dúpẹ́. Àwọn tó ti lọ iléèwé Faransé nínú wọn kò tilẹ̀ dúpẹ́, wọ́n ní sàfà, èyí tó jẹ́ a dúpẹ́ tó wọ bàtà.

Màmá ń rò ó láti Ìlárá dé Ayétòrò. Bí a bá bi Yorùbá léèrè àlàáfíà, a dúpẹ́ ni yóò sọ, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ tilẹ̀ kán. Kò parọ́, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ni. Nọ́ọ̀sì tó wá gba ọpẹ́ Ọlọ́run, tó kọ ọ́ sórí káàdì ojú, òun ló ṣì í. Láti ọjọ́ kejì ni wọ́n ti gbé atẹ wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tọ àwọn aláìsàn ti ìhà ìhín lọ, ní Ayétòrò, ní Ìlaròó, ní Ìdógò. Nǹkan kan náà ni wọ́n ń bá. Ajílété ni wọ́n fi sí ìgbẹ̀yìn. Wọ́n jẹ́wọ́ fún wa nígbà tí a dàgbà pé ẹ̀rù ló ń ba àwọn.

Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹwàá oṣù kọkànlá, ni Màmá dé Ajílété. Iṣẹ́ abẹ ojú òsì ku ọjọ́ márùn-ún. Màmá gbé atẹ lé itan Bàbá àgbà. Bàbá àgbà fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú òsì, wọ́n sì ṣa òkúta mọ́kànlá jáde láìṣi ẹyọ kan. Inú Màmá dùn débi pé wọ́n ti ń da ẹ̀wà padà sápò kí wọ́n tó rántí pé ẹnu ọ̀nà ni Bàbá àgbà kọjú sí ní gbogbo ìgbà tí ọwọ́ wọn ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ti fi ọgọ́ta ọdún ṣa obì, kí ló fẹ́ fi ojú ṣe? Màmá tún da ẹ̀wà sílẹ̀, wọ́n ní kí Bàbá àgbà má fọwọ́ kàn án, kí wọ́n kàn nàka sí òkúta. Bàbá àgbà nàka sí ẹsẹ̀ àga.

“Àṣìkẹ́,” ni Bàbá àgbà wí, “láti ọ̀sẹ̀ kẹta ni mi ò ti fi rí nǹkan kan. Orúkọ rẹ ni wọ́n ń pè nílé ìwòsàn yẹn. Mi ò fẹ́ kí wọ́n ní ojú bàbá nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ bàjẹ́.”

Màmá sọ pé àwọn kò sunkún tó bẹ́ẹ̀ rí, àní lọ́jọ́ tí a sin ìyá wọn. Ọwọ́ wọn náà ló kọ ọ́ sórí káàdì lẹ́ẹ̀mẹta pé ó dára.

Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ tọ Dókítà Bánjí lọ. Dókítà ti kọ àbájáde ìwádìí rẹ̀ tán, oṣù tó ń bọ̀ ni yóò kà á níwájú àwọn oníṣègùn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn: pé ṣẹ́dà kò burú ju náílọ̀n lọ, pé kí àwọn ilé ìwòsàn tí kò lówó má da ara wọn láàmú. Ó wo káàdì, ó wo Màmá. Ó ní, “Nọ́ọ̀sì, ọwọ́ yín ló kọ gbogbo èyí. Bí mo bá ní wọn kì í ṣe òótọ́, ẹ̀yin ni mo sọ lórúkọ.”

Màmá fèsì pé, “Ẹ sọ mí lórúkọ, sà. Èmi ni mo kọ ọ́, èmi ni mo ṣì í. Àmọ́ ẹ má fi òwú yẹn kan ojú kejì bàbá mi, ẹ má sì fi kan ojú ọmọ ẹnikẹ́ni títí a ó fi tún wọn wò.”

Dókítà fi ìbínú padà sí yunifásítì. Ọjọ́bọ̀ tí a dá fún iṣẹ́ abẹ kọjá, a kò ṣe é. Ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn ní kí Màmá lọ jókòó sílé. Ní Ajílété, wọ́n ń sọ pé ọmọ Ọ̀ṣunníyì ti fọ́ bàbá rẹ̀ lójú, iṣẹ́ sì tún bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Odidi ọ̀sẹ̀ méje ni Màmá fi wà nílé, tí wọn kò mọ̀ bóyá àwọn yóò tún wọ aṣọ nọ́ọ̀sì mọ́. Bàbá wa kàn ń lọ aṣọ náà láràárọ̀ bí wọ́n ti máa ń ṣe, wọ́n sì ń fi kọ́ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Àwa ọmọ gbà pé ìdáhùn ìbéèrè kẹrìnlá nìyẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, Dókítà Bánjí dé sí ẹnu ọ̀nà wa. Atẹ kan wà lábẹ́ apá rẹ̀. Kò tíì ka ìwé rẹ̀ níbì kankan. Ó ti fi ìbínú lọ yẹ ogún aláìsàn wò ní Ìlaròó láti fi hàn pé Màmá ṣàṣìṣe, ohun tí Màmá sọ ló sì bá. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn níwájú wa, ohun tí a kò rí kí dókítà ṣe fún nọ́ọ̀sì rí. Àwọn méjèèjì tún gbogbo àwọn tí a lè rí wò, ènìyàn méjìdínláàádọ́wàá. Nínú márùndínlọ́gọ́rùn-ún tí a fi ṣẹ́dà rán, fèrèsé ojú àwọn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ti ṣú. Nínú mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún tí a fi náílọ̀n rán, márùn-ún péré ni. A kò fi ṣẹ́dà rán ojú ní Ayétòrò mọ́ láti ọjọ́ náà. Nígbà tí ìwé náà jáde, orúkọ Màmá tẹ̀lé ti dókítà, àṣìṣe wọn sì wà lójú ewé kejì, bí wọ́n ṣe ní kó wà, kí ẹlòmíràn má baà tún un ṣe.

Ní oṣù kẹta ọdún 1985, a ṣe iṣẹ́ abẹ ojú òsì Bàbá wa àgbà, a sì fi òwú náílọ̀n rán an. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, Màmá gbé atẹ àti awò lọ sí Ajílété. Wọ́n da ẹ̀wà sínú atẹ, wọ́n sì gbé e lé itan Bàbá àgbà. Bàbá àgbà gbé awò náà sójú, wọ́n wo ọmọ wọn fún ìgbà pípẹ́, wọn kò sì fọwọ́ kan ẹ̀wà rárá. Wọ́n ní, “Bọ́tìnnì aṣọ rẹ kejì ti já. Àṣìkẹ́, ìgbà wo lo hu ewú?”

Ọdún mọ́kànlá ni Bàbá àgbà fi lo ojú náà, títí wọ́n fi re ibi àgbà ń rè lọ́dún 1996. Ojú ọ̀tún kò ríran mọ́ láé, Màmá kò sì tan ara wọn jẹ pé kò dun àwọn. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni wọ́n máa ń jókòó sí bí wọ́n bá lọ kí bàbá wọn, wọn a sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Nígbà tí a ṣí ẹnu-bodè lọ́dún 1986, Mẹ̀dínátù wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọjá. A fi òwú náílọ̀n rán ojú rẹ̀ kejì, ó sì dára. Ẹní tó hun fún Màmá ṣì wà ní pálọ̀ wa ní Ayétòrò.

Màmá fẹ̀yìn tì lọ́dún 1996, ṣùgbọ́n wọn kò sinmi. Wọ́n ń lọ káàkiri Àfọ̀n, Ìdógò àti Ajílété láti kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera bí a ti ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ aláìsàn, wọ́n sì ń bá àwọn abiyamọ wí tí wọ́n ń fún omi ewé sójú ọmọ, nítorí ọ̀pọ̀ fèrèsé ojú ọmọdé ni ìyẹn ti bà jẹ́. Nínú ìjọ, wọ́n jẹ́ Ìyá Ẹgbẹ́ fún ọdún méjìlá. Ìtàn tí wọ́n fẹ́ràn jù ni ti afọ́jú tí Olúwa fọwọ́ kàn lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, ọkùnrin náà kò sọ pé a dúpẹ́, ó sọ pé ènìyàn tí òun ń rí jọ igi, òun ni Olúwa fi tún un ṣe. Àlùfáà mẹ́ta ló ti gba ìwàásù yìí lẹ́nu wọn. Lọ́dún 2011, kàtáráàtì dé ojú tiwọn. Lórí bẹ́ẹ̀dì iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ti béèrè irú òwú tí wọn yóò fi rán an, dókítà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, sì sọ pé wọn kì í rán an mọ́, ojú ihò ti kéré débi tí yóò fi dí fúnra rẹ̀. Lẹ́ẹ̀mẹta ni Màmá ní kó tún un sọ. A rò pé wọn kò gbọ́ ni. Ọ̀rọ̀ náà ló dùn mọ́ wọn nínú.

Lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́, Màmá sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kìíní ọdún 2020. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n fi sáyé lọ: Gbọ́lá, Ọmọ́délé, Dámilọ́lá àti Kẹ́misọ́lá. Ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi sílẹ̀, lára wọn ni Ọlámipọ̀, àti Purity tó ń kọ́ nípa ìtọ́jú ojú lọ́wọ́. Ọmọ-ọmọ-ọmọ méjì, àbúrò kan, àti ẹbí rẹpẹtẹ ló tún ṣẹ́kù. Ẹnu-bodè tún wà ní títì láti ọdún tó kọjá, nítorí náà àwọn ọmọ Mẹ̀dínátù kò lè dé ibi òkú. Wọ́n ní kí a kí yín.

Láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ ni ẹ ti ń bi wá pé báwo ni, tí a sì ń sọ pé a dúpẹ́. Ẹ má bínú. Ọlọ́run la fi ìyẹn dá lóhùn, ẹ̀yin náà yẹ lẹ́ni tí à ń fún ní ìdáhùn tiyín. Ó dùn wá. Oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun. Ẹni kan wà lára wa tó ṣì ń pè wọ́n láàárọ̀ kó tó rántí. Bó ṣe rí nìyẹn.

Rẹ̀bẹ́kà Àṣìkẹ́, ọmọ Ọ̀ṣunníyì, aya Akínladé, ilẹ̀ Ajílété á tù yín lára. Ẹ dijú, Màmá, ẹ sùn dáadáa.